Ohun Tí Ọkàn Rẹ Ń Fà Sí

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni èmi náà. Mo mọ bí ó ti máa ń rí tí ènìyàn bá ń ka ọjọ́ de owó oṣù, tí ọkàn rẹ̀ kò sì sí nínú iṣẹ́.

Ẹ wo Hubert Ògúńdé, ọmọ Òsósà nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde. Ọlọ́pàá ni, ṣùgbọ́n orin àti eré ni ọkàn rẹ̀ ń fà sí. Kò fi iṣẹ́ sílẹ̀ lójijì o. Ní 1944, ìjọ Aládùúrà kan ní Èkó ló kọ́kọ́ ṣe eré fún, nígbà tó ṣì ń ṣe ọlọ́pàá. Ní 1945 ló tó fiṣẹ́ sílẹ̀, tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ọdún náà ni àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀, ó sì fi ìyà wọn ṣe eré. Ní 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin dè é nítorí eré "Yorùbá Ronú". 1966 ni wọ́n tó mú òfin náà kúrò. Síbẹ̀, kò jáwọ́.

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó sọ pé iṣẹ́ tí ọmọ yín fẹ́ràn kò lè bọ́ ọ, ẹ bi í pé: "Ta ni yóò ṣe láǹfààní?" Ìwọ ọmọ, má sáré ju ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ nù. Bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, nínú ìjọ, ní àdúgbò. Ohun tí a fẹ́ràn tí kò kan ẹlòmíràn, fàájì lásán ni. Èyí tó bá gbé aládùúgbò wa dìde, iṣẹ́ tí Ọlọ́run rán wa nìyẹn.