Ọkọ̀ Ogun Tí Ó Ń Jẹ́ Ìbàdàn

Gbogbo wa ní Òrè àti Òdìgbó ni a mọ gbólóhùn náà, 'Ó le kú, ìjà Òrè.' Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra tí Victor Banjo ṣe olórí fún la odò Ọya kọjá, wọ́n gba Ìlú Ìbíní, wọ́n sì dé Òrè. Ibẹ̀ ni ìrìn wọn pin sí.

Ní ọdún kan náà, a jà lórí omi pẹ̀lú. Ìjọba Àpapọ̀ ní ọkọ̀ ogun kékeré kan tí ó sọ ní Ìbàdàn. Nígbà tí ogun bẹ́, ó bọ́ sọ́wọ́ Biafra. Ní oṣù Keje, ọkọ̀ ogun ńlá tí ń jẹ́ Nigeria wà lára àwọn tí ó gba Bonny. Kí ọdún tó parí, Ìjọba Àpapọ̀ ti ri ọkọ̀ tirẹ̀ àtijọ́ sísàlẹ̀ omi.

Àwọn ará Denmark kọ ìtàn Dannebrog sílẹ̀, ọkọ̀ wọn tí iná jó ní Copenhagen ní 1801. Ẹ̀yin olùkọ́, ilẹ̀ a máa ní àpá. Omi kì í ní. Bí a kò bá kọ ìtàn ọkọ̀ Ìbàdàn, ta ni yóò sọ fún ọmọ wa pé àwọn tí wọ́n ti jọ ṣiṣẹ́ lábẹ́ àsíá kan ni wọ́n yìnbọn lu ara wọn?