Yógọ́ọ̀tì Tó Kù Nínú Ike

Bí iná bá ti lọ mọ́jú, yógọ́ọ̀tì funfun aláìníṣúgà tó ṣẹ́ kù ni ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ dànù. Ó ń dùn mí. Bí kò bá tíì hu, tí òórùn rẹ̀ kò yí padà, kíkan rẹ̀ wúlò. Ẹ fi pa adìẹ lára pẹ̀lú ata gígún, aáyù àti iyọ̀, ẹ gbé e sínú kúlà oníyìnyín fún wákàtí 2, kí ẹ tó yan án. Á rọ̀ dáadáa.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni pé ṣíbí 2 lè bí odidi ike tuntun. Ẹ se mílíìkì títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ hó, ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ ro yógọ́ọ̀tì náà mọ́ ọn, ẹ fi aṣọ tó nípọn wé e. Bí kòkòrò tíńtín inú rẹ̀ bá ṣì wà láàyè, láàárín wákàtí 6 sí 8, á ti dì. Irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ ló ń mú ògì wa kan. Àwọn ìyá Fúlàní tó ń ṣe nọ́nò ti ń fi ti àná mú ti òní dì láti ayébáyé. Èyí tó bá tún kù, ẹ lù ú mọ́ fúláwà páńkéèkì àwọn ọmọ.