Ṣílè Fàdákà Inú Ogún

Bí ẹ bá jogún ṣílè àtijọ́ tó ní igi ọ̀pẹ lára, ẹ má fọ̀ ọ́. Mo tún un sọ: ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ wo ọdún ara rẹ̀. Ti 1913 sí 1919, fàdákà ni. Láti 1920 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi idẹ rọ ọ́. Ẹnìkan lè ní dúdú ojú rẹ̀ kò wuyì. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ló ń sọ fàdákà di dúdú. Bí ẹ bá fi eérú bó o, fàdákà gan-an lẹ ń ha dànù, ẹni tó ń ra owó àtijọ́ yóò sì dín owó rẹ̀ kù. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá fẹ́ mú ṣílè náà, etí rẹ̀ ni kí ẹ máa dì mú.