Ogun Tó Wọlé Láì Bi Onílé: Ìjà Ọ̀rẹ̀ ọdún 1967



Ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo kan náà ni àwa ará Aráròmí-Obù àti Ọ̀rẹ̀ wà. Títí di òní, bí nǹkan bá le, ìjà Ọ̀rẹ̀ ni wọ́n ń fi í wé. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń sọ ọ́ ni kò mọ àwọn tó bá ara wọn jà níbẹ̀. Ìyẹn ló gbé mi wá.

Ní ọjọ́ 9, oṣù Kẹjọ, ọdún 1967, ọmọ ogun Biafra, apá Ìlà-oòrùn tó ya kúrò lára Nàìjíríà, gba orí afárá Odò Ọya wọ Asaba. Ilẹ̀ ọjọ́ náà kò tíì ṣú tí wọ́n fi gba Benin, tí David Ejoor, gómìnà ẹkùn Àárín-Ìwọ̀-oòrùn, sì sá mọ́ wọn lọ́wọ́. Victor Banjo, ọmọ Ìjẹ̀bú, ni Ojukwu, olórí Biafra, fi ṣe olórí ogun náà. Ìrètí wà pé bí Yorùbá bá rí ọmọ wọn níwájú, wọ́n á dìde tẹ̀lé e dé Èkó.

Ẹ má jẹ́ ká fo ohun tó bí àwọn ará Biafra nínú. Wọ́n ti pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Igbo ní Àríwá lọ́dún 1966. Àdéhùn tí Ojukwu àti Gowon, olórí ìjọba àpapọ̀, ṣe ní Aburi, ní Gana, ní oṣù Kìíní ọdún 1967, kò sì dúró. Ìrora náà jinlẹ̀, mo sì bá wọn kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n ìrora wa kì í sọ ohun tó wà lọ́kàn ẹlòmíràn fún wa.

Àwọn tí wọ́n wá bá ńkọ́? Edo, Urhobo, Itsekiri, Ijaw àti àwọn Igbo ìwọ̀-oòrùn Ọya ti dìbò lọ́dún 1963 láti kúrò lábẹ́ Ìbàdàn, kí wọ́n lè ní ẹkùn tiwọn, Àárín-Ìwọ̀-oòrùn. Ọdún kẹrin rèé tí wọ́n kó sílé ara wọn, ni ọmọ ogun Biafra tún gbé ọ̀gá tuntun wá fún wọn. Ní ti Yorùbá, òótọ́ ni pé àwọn aṣáájú wa ń bèèrè pé kí ọmọ ogun Àríwá kúrò nílẹ̀ wa. Ẹni tó bá gbọ́ èyí lókèèrè lè rò pé a ti ṣe tán láti ya. Bẹ́ẹ̀ Awólọ́wọ̀ ti wà nínú ìjọba Gowon, òun ló ń mójú tó ìṣúná. Èdè-àìyedè inú ilé ni àwọn Biafra gbọ́ tí wọ́n pè é ní ìkésíni.

Wọ́n dé Ọ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì mọ. Kò sí Yorùbá tó dìde. Àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ tí Murtala Muhammed ṣíwájú lé wọn padà, wọ́n gba Benin ní ọjọ́ 20, oṣù Kẹsàn-án. Ó ku díẹ̀ kí ìlú náà bọ́ ni Albert Okonkwo, ẹni tí Biafra fi jẹ alákòóso ẹkùn Àárín-Ìwọ̀-oòrùn, ń kéde pé ẹkùn náà ti di orílẹ̀-èdè olómìnira. Ta ló bi ará Benin? Kí oṣù náà tó parí, àwọn Biafra fúnra wọn ti yìnbọn pa Banjo ní Enugu.

Àwọn Biafra kò mọ ohun tó wà lọ́kàn onílé, ṣùgbọ́n àìmọ̀ mìíràn wà tó jẹ́ àmọ̀ọ́mọ̀ṣe. Lọ́dún 1897, wọ́n sọ fún Phillips, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, pé Ọba Ovonramwen ti Benin ń ṣe ọdún Igue, kò lè gba àlejò. Ó lọ. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1896 ló ti kọ̀wé sí London pé kí wọ́n jẹ́ kí òun yọ ọba náà, àti pé eyín erin inú ààfin lè san owó ogun. Wọ́n pa Phillips lọ́nà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì fi ikú rẹ̀ ṣe àwáwí láti sun Benin.

Ká padà sí ọdún 1967: ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ náà kò mọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n gba Benin, wọ́n pa ọmọ Igbo tí kò gbé ìbọn. Ní oṣù Kẹwàá, àwọn ará Asaba wọ aṣọ funfun, wọ́n ń jó, wọ́n ń kọrin pé Nàìjíríà kan ṣoṣo làwọn ń ṣe. Àwọn ọmọ ogun ya ọkùnrin sọ́tọ̀, àgbà àtọmọdé, wọ́n sì yìnbọn pa wọ́n lọ́gọ́rọ̀ọ̀rún. Èdè Igbo tí wọ́n ń sọ ti tó ẹ̀rí lójú wọn.

Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 10 nígbà ìjà Ọ̀rẹ̀ ti sún mọ́ 70 báyìí, tàbí ó ti kọjá a. Mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́ Odigbo: ẹ rán àwọn ọmọ lọ bá wọn lóko àti nílé, Yorùbá, Urhobo, Igbo, ẹnikẹ́ni tó wà níbẹ̀ nígbà náà. Kí wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀ ní èdè tí kálukú bá fi sọ ọ́, kí wọ́n sì kó o sí ilé-ìwé.