Ta Ni Yóò Wádìí Etí Ará Ọjà'ba?



Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, àti ẹ̀yin òbí tí ẹ bá wọn péjọ, orí ẹ̀kọ́ kan tí kì í tètè wá sọ́kàn àwọn tí ń yan iṣẹ́ fún ọmọ ni ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí dá lé. Ẹ̀kọ́ náà ni ìmọ̀ ìgbọ́ràn, tí àwọn Òyìnbó ń pè ní audiology, pàápàá gbígba oyè kejì ti yunifásítì nínú rẹ̀ nípasẹ̀ ìwádìí. Bí wọ́n bá béèrè lọ́wọ́ òbí ohun tí ó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ dà, yóò ní dókítà, lọ́yà tàbí ẹnjiníà. Ta ni í sọ pé kí ọmọ òun lọ wádìí etí? Bẹ́ẹ̀ ni agbolé tí ọ̀ràn etí kò kàn ṣọ̀wọ́n, láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba, láti Mápó dé Bẹyẹrunka.

Lára ohùn tí ọmọ Mùsùlùmí kọ́kọ́ ń bá pàdé láyé ni ìpè ìrun tí bàbá tàbí àlùfáà pè sí i létí. Wọ́n á pè é tán, wọ́n á sọ ọmọ lórúkọ, inú mọ̀lẹ́bí á dùn. Ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni béèrè bóyá etí náà gbọ́ ohun tí wọ́n pè sí i. Ọmọ tí kò gbọ́ kò ní lè sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Wọ́n á ní ó kàn pẹ́ sọ̀rọ̀ ni. Bí ó bá dé ilé-kéwú, wọ́n á ní olódo ni. Bí wọ́n bá pè é tí kò dáhùn, wọ́n á ní aláìgbọràn ni, wọ́n á sì nà án. Ìyà tí kò tọ́ sí i ni ó ń jẹ. Àìmọ̀ ni ó sì fà á, kì í ṣe ìkà.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí Ìbàdàn. Nínú ìròyìn rẹ̀ ti ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó lé ní bílíọ̀nù 1.5 ènìyàn tí ìgbọ́ràn wọn dín kù dé ìwọ̀n kan, àti pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 430 nínú wọn ni ó nílò ìtọ́jú kí wọ́n tó lè máa gbé ìgbé ayé wọn dáadáa. Àjọ náà tún sọ pé nǹkan bíi ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún àìgbọ́ràn àwọn ọmọdé ni ó ṣeé dènà: èyí tí èéyi ń fà, èyí tí àrùn yírunyírun ń fà, èyí tí etí tí ọyún ń jáde nínú rẹ̀ ń fà, àti èyí tí àwọn oògùn kan máa ń fà bí wọ́n bá lò wọ́n láìsí ìṣọ́ra. Ìyá tí ń kán àdín sí etí ọmọ rẹ̀, tàbí tí ń fi ìyẹ́ adìyẹ ro ó, rò pé òun ń wò ó sàn ni.

Ìmọ̀ ìgbọ́ràn kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ yìí. Ogun Àgbáyé Kejì ni ó sọ ọ́ di iṣẹ́ tí ó dá dúró ní Amẹ́ríkà, nígbà tí àwọn ọmọ ogun tí ìbọn àti àgbá ti ba etí wọn jẹ́ padà sílé, tí àwọn ọ̀mọ̀wé bíi Raymond Carhart sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà tí wọn yóò fi tún máa gbọ́ ọ̀rọ̀. Ní Ìbàdàn, ní ọdún 1960, Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ adití, dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn adití sílẹ̀. Ilé ìwòsàn UCH, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1957, ní ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun. Yunifásítì Ìbàdàn sì ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ fún àwọn tí wọ́n ní ìpèníjà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni nípa àìgbọ́ràn. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Bẹẹrẹ yóò dé ibẹ̀ kí oòrùn tó mú. Àlàáfo tí ó wà láàárín ibi méjèèjì kì í ṣe ti ọ̀nà. Ti ìbéèrè ni.

Oyè kejì pín sí ọ̀nà méjì. Èkíní ni èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń jókòó ní kíláàsì, tí ó ń ṣe ìdánwò, tí ó sì ń fi iṣẹ́ àkànṣe kékeré kádìí rẹ̀. Èkejì ni ti ìwádìí. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, M.Phil. ni wọ́n ń pè é, ó sì máa ń tẹ̀lé èkíní. Ní ọ̀nà kejì yìí, akẹ́kọ̀ọ́ á mú ìbéèrè kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni kò tíì dáhùn tán, á ka ohun tí àwọn aṣáájú ti kọ lórí rẹ̀, á lọ wọn ohun tí ó ṣeé wọ̀n, á sì kọ ìwé tí àwọn àgbà ọ̀mọ̀wé yóò yẹ̀ wò fínnífínní. Nítorí náà, ìbéèrè ni ẹ̀mí oyè ìwádìí. Ìgboro Ìbàdàn kò sì ṣaláìní ìbéèrè. Mẹ́ta nínú wọn nìyí:

(1) Ìbéèrè èdè. Ẹni tí ń yẹ etí wò kì í fi ohùn ẹ̀rọ nìkan mọ. Ó gbọ́dọ̀ pe ọ̀rọ̀ kí ẹni tí ó ń yẹ̀ wò sì tún un pè. Àkójọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lè wúlò fún ìyá arúgbó ní Bẹyẹrunka tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá ni yóò bá a mu, Yorùbá sì ní ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀. Igba, igbá, igbà àti ìgbà kì í ṣe ọ̀kan náà. Inú ìró tí kò ga ni àmì ohùn wọ̀nyí ń gbé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogbó bá ń ba etí jẹ́, láti orí ìró tí ó ga ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí kọ́ńsónáǹtì bíi s, ṣ àti f wà. Arúgbó náà lè máa gbọ́ orin inú ọ̀rọ̀ dáadáa, kí ó má sì mọ̀ bóyá “sá” ni wọ́n wí, tàbí “ṣá”, tàbí “fá”. Á dà bí ẹni tí ń gbọ́ dùndún: ohùn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kọ́ńsónáǹtì kò sí, ó sì di kí ó máa méfò. Bí ó bá méfò rẹ̀ tọ̀nà lẹ́ẹ̀mejì tí ó ṣì í lẹ́ẹ̀kẹta, àwọn ọmọ á ní ó kọ etí ikún sí àwọn. Ta ni ó yẹ kí ó wọn èyí bí kò ṣe ẹni tí ó fi Yorùbá mu ọmú?

(2) Ìbéèrè ariwo. Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé etí lè fara da ariwo dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 80 fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Bí ariwo náà bá dé 90, wákàtí 4 péré ni. Ẹni tí ń lọ ata fún aráàlú ní Ọjà'ba, ẹni tí ó jókòó ti jẹnẹrétọ̀, ẹni tí ń ta àwo orin lábẹ́ gbohùngbohùn láti àárọ̀ di alẹ́: wákàtí mélòó ni tiwọn? Mélòó nínú wọn ni etí rẹ̀ ń hó lóru tí kò sọ fún ẹnìkan?

(3) Ìbéèrè ọmọ tuntun. Ní Èkó, Dókítà Bọ́lájoko Olúsanyà rí i pé ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọn kì í bí sí ilé ìwòsàn, nítorí náà yíyẹ etí wò ní ilé ìwòsàn nìkan yóò fi wọ́n sílẹ̀. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá lọ yẹ etí àwọn ọmọ wò níbi tí àwọn ìyá ti ń gbé wọn wá gba abẹ́rẹ́ BCG, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2008. Kò sí idán níbẹ̀. Ẹni tí ó mọ ibi tí ìyá ọmọ ń rìn sí ni ó ronú kan ìdáhùn náà.

Ní Ìbàdàn pẹ̀lú, iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2003 lórí ogbó ti lọ bá àwọn àgbà tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì, tí wọ́n ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá. Ọ̀rọ̀ ìgbọ́ràn wà lára ohun tí wọ́n yẹ̀ wò. Ilé ti ní ìpìlẹ̀. Àwọn tí yóò mọ ọ́n dé òkè ni ó kù.

Ó yẹ kí ẹni tí ó bá fẹ́ wọ ọ̀nà yìí mọ òtítọ́ rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Oyè ìwádìí kì í ṣe ìwé àṣẹ ìtọ́jú. Ẹni tí yóò máa yẹ etí aláìsàn wò tí yóò sì máa fi ẹ̀rọ ìgbọ́ràn sí i létí gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ ìjọba tí òfin ọdún 1988 gbé kalẹ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Yíyan olùtọ́sọ́nà ṣe pàtàkì ju yíyan àkòrí lọ. Wíwọn etí nílò yàrá tí ariwo kò wọ̀ àti ẹ̀rọ tí wọ́n ti yẹ̀ wò pé kò parọ́. Olùwádìí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan etí ẹnikẹ́ni kí ìgbìmọ̀ ìwà-ẹ̀tọ́ tó fọwọ́ sí i, àti kí onítọ̀hún tó gbà tinútinú. Kò gbọdọ̀ fi ìwòsàn tan wọ́n. Ìṣirò kò sì ṣeé sá fún.

Àwọn kan yóò béèrè pé owó wo ni ó wà nídìí rẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ olówó òjijì. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí àwọn tí ó nílò rẹ̀ pọ̀ tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n kò tó nǹkan kì í pa olóye rẹ̀ lébi. Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn ọ̀dọ́bìnrin gidigidi. Ìyá tí ojú ń tì láti ṣí ìbòrí rẹ̀ kúrò ní etí níwájú ọkùnrin yóò tètè gbà fún obìnrin bíi tirẹ̀.

Ojú ni ọ̀rọ̀ wà, ni àwọn àgbà wí. Bàbá àgbàlagbà kan lè jókòó ní sàfù àkọ́kọ́ ní mọ́sáláṣí ní ọjọ́ Jímọ̀, kí ó máa wo ẹnu Lèmọ́mù, kí ó máa mi orí bí àwọn yòókù bá ń mi orí, kí ó sì padà sílé láì gbọ́ ohun tí wọ́n wí. Kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí kò fẹ́ kí wọ́n máa fi òun ṣẹ̀sín. Irú bàbá bẹ́ẹ̀ ni ó nílò ọmọ tí yóò lọ kàwé nítorí tirẹ̀. Kí ọ̀dọ́ tí ó ti gba oyè àkọ́kọ́, tí ọkàn rẹ̀ sì ń fà sí ìwádìí, má wo òkèèrè nìkan fún ìbéèrè. Kí ó dúró ní Ọjà'ba fún wákàtí kan, kí ó tẹ́tí sílẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ tí ó ń ṣe ènìyàn láǹfààní jíǹkí àwọn ọ̀dọ́, kí Ó sì mú ẹ̀kọ́ náà rọrùn fún wọn. Āmīn.