Orin Tí A Gbọ́ Dàgbà: Ọ̀rọ̀ Àwa Àgbà Ẹgbẹ́ Níbi Àjọ̀dún

Ẹgbẹ́ ní kí àwa àgbà sọ̀rọ̀ lórí àwọn olórin tí a fẹ́ràn. A mọ̀ pé ẹlòmíràn á ní, kí ló kan orin nínú ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù? Ó kàn án o. Kò sí ìnáwó kan ní Aráròmí yìí tí owó ọjà ò sí ńbẹ̀.

Ẹni tó bá ti yan ẹja mọ́jú mọ̀ pé oorun ni ọ̀tá iṣẹ́ náà. Iná ò gbọdọ̀ kú, kò sì gbọdọ̀ jó ẹja. Rédíò oníbátìrì ló ń bá wa ṣọ́ ọ nígbà náà. Ibẹ̀ la ti mọ I.K. Dairo, ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, tó mú akọ́díọ̀nù wọ inú jùjú. Ní 1963 tí ìjọba Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá, inú wa dùn bí ẹni pé ará ilé wa ni.

Nígbà tó yá, ilé pín sí méjì. Àwọn kan ní ti Ebenezer Obey làwọn ń ṣe, nítorí ọ̀rọ̀ ọgbọ́n inú orin rẹ̀. Àwọn kan ní ti Sunny Adé, ọmọ Oǹdó, nítorí gìtá àti ijó. Ẹ wo bí a ṣe ń jà nídìí àtẹ bí ẹni pé wọ́n ń sanwó fún wa! Nígbà tí àwo Sunny tó ń jẹ́ Juju Music jáde lókè òkun ní 1982, àwọn tirẹ̀ ò jẹ́ ká sinmi. Orlando Owoh, ọmọ Ọ̀wọ̀, tó kú ní 2008, kò sí nínú ìjà yẹn. Ohùn rẹ̀ tó há díẹ̀ yẹn, ti gbogbo wa ni.

Ṣùgbọ́n àwo ò tó ojúkojú. Ojú kan àwo ńlá ò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 lọ. Lóde àríyá, orin kan á wọ inú òmíràn títí ilẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Onígángan ń wo ẹsẹ̀ oníjó. Bí o bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló ń lù ú. Wọ́n á ti bi ará ilé rẹ léèrè orúkọ bàbá rẹ. Kí o tó mọ̀, olórin ti pè ọ́, ó ti pe ọkọ rẹ, ó ti pe ọmọ rẹ tó wà l'Ékòó. Obìnrin tí wọ́n ń pè ní "ìyá ẹlẹ́ja" lásán lọ́jà di ẹni ńlá lójú agbo. Ìdí tí a fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn, a ò ní purọ́ fún yín.

Ibẹ̀ náà ni ewu wà. A ò bá olórin wí, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Owó tí wọ́n ń ná an ló fi ń bọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlù ò mọ owó èrè yàtọ̀ sí owó ọjà. Owó edé tí a máa rà láàárọ̀, owó tí a yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́, gbogbo ẹ̀ ló jọra nínú àpamọ́wọ́. Ẹni tó bá ná owó ọjà lóru, Igbókòdá á mọ̀ lọ́jọ́ ọjà.

Òfin náà ti dá sí i. Abala 21 nínú òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 ní ẹni tó bá fọ́n náírà lóde ìnáwó, tàbí tó jó lé e lórí, ti jẹ̀bi. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò dín ní oṣù 6, tàbí kó san ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Ní oṣù kẹrin 2024, ilé ẹjọ́ kan l'Ékòó rán gbajúmọ̀ kan lọ sẹ́wọ̀n oṣù 6 nítorí ẹ̀. Nítorí náà, ẹ di owó olórin láti ilé, ẹ fi lé e lọ́wọ́ nínú àpò ìwé, tàbí kí ẹ fi fóònù san án. Èyí tí ẹ bá dì náà ni kí ẹ fún un, kí ẹ má padà sínú àpamọ́wọ́ mọ́.

Ẹ jẹ́ ká rántí àwọn obìnrin pẹ̀lú. Àárín àwọn obìnrin Mùsùlùmí ni wákà wà, kí Batile Alákẹ́, ọmọ Ìjẹ̀bú, tó gbé e dé òde àríyá àti inú àwo. Ọmọdébìnrin ni Salawa Abẹ̀ní nígbà tí àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1976. Nítòsí wa níhìn-ín, Comfort Ọmọge àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé aṣíkò Ìkálẹ̀ sínú àwo. Ìkálẹ̀ ò jìnnà sí wa. Bírípo tiwa ńkọ́? A ti sanwó fún ọ̀pọ̀ olórin kí wọ́n lè pe orúkọ wa. Ta ló ń pe orúkọ àwọn ìyá wa?

Bírípo ṣì ń bẹ, àmọ́ ẹnu àwọn àgbà ló pọ̀ sí. Ẹ̀yin náà rí ohun tí òkun ń ṣe létíkun Ìlàjẹ. Ẹ wo Ayétòrò, àwọn ilé tí omi ti gbé lọ. Ojú agbo tí a ti ń jó lè bá omi lọ. Orin ò ní bá a lọ bí ọmọ bá ti kọ́ ọ.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta la bẹ ìgbìmọ̀ fún. Kí wọ́n fún àwọn ìyá àgbà ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́yìn ìpàdé láti kọ́ àwọn ọmọ wa ní bírípo. Kí àwọn ọmọ fi fóònù gbà á sílẹ̀, kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́ sí i. Kí owó onílùú wá látinú owó ìnáwó ẹgbẹ́, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan owó ẹ̀yáwó.

Ọjà á tà, omi ò ní gbé wa lọ, àjọ̀dún tó ń bọ̀ á bá wa láyọ̀.