Ẹrù Orí, Òkúta Ẹsẹ̀: Lórí Iwájú Ọkọ̀ Àtijọ́

Ẹni tó bá ti wakọ̀ láti Ìkòròdú gba Ìtòìkín dé Ẹ̀pẹ́ rí, kò sí ohun tí mo lè kọ́ ọ nípa kòtò. Ìdí tí kòtò kan náà fi ń fọ́ iwájú ọkọ̀ kan, tí òmíràn á sì gbà á kọjá wẹ́rẹ́, ni mo bá wá.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹni méjì tó fẹ́ fo gọ́tà. Ọ̀kan ru ẹrù sórí. Wọ́n so òkúta mọ́ ẹsẹ̀ ìkejì. Ẹrù orí lè wúwo ju òkúta lọ, síbẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ òkúta ni yóò kọ́kọ́ ṣubú. Nínú ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì, èrò àti ẹrù wà lórí sípíríǹgì: ẹrù orí nìyẹn. Táyà, bíréèkì àti irin tó dè wọ́n pọ̀ wà nísàlẹ̀: òkúta ẹsẹ̀ nìyẹn. Bí irin ìsàlẹ̀ bá wúwo jù, táyà tó bá ti fò kì í tètè padà sílẹ̀. Táyà tí kò sì kan ilẹ̀ kò gbọ́ ti sítíárìn, kò gbọ́ ti bíréèkì.

Àwọn àgbà inú yín rántí bọ́lẹ̀kájà, ọkọ̀ akérò onípákó àtijọ́. Odindi irin kan ló so ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Bí tọ̀tún bá kó sí kòtò, tòsì á pín nínú ìyà náà. Lẹ́yìn náà ni Peugeot 504 dé. Ọdún 1968 ló jáde ní ilẹ̀ Faransé. Ní 1975, iléeṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹsẹ̀ iwájú 504 kọ̀ọ̀kan dá dúró lórí òpó tirẹ̀, sípíríǹgì yí ṣọ́ọ̀kì ká lójú kan. Orúkọ Earle MacPherson, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà, ni wọ́n fi ń pe òpó náà. Sítíárìn ọkọ̀ náà jẹ́ ọ̀pá eléyín, èyí tí ẹ̀yin mẹkáníìkì ń pè ní ráàkì: irin díẹ̀, ìdáhùn kíákíá.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn ọkọ̀ alágbára bíi Ford Mustang, tó jáde ní oṣù kẹrin 1964, gbé ẹ́ńjìnnì ńlá sórí iwájú, àpótí sítíárìn wọn sì wúwo. Lónìí, àwọn tó ni wọ́n ń yọ apá irin àtijọ́ tó di táyà mú kúrò, wọ́n ń fi apá oníhò tó fúyẹ́ rọ́pò rẹ̀, wọ́n ń fi sípíríǹgì yí ṣọ́ọ̀kì ká, wọ́n sì ń de ráàkì mọ́ ọn. Owó ńlá ni wọ́n ń ná láti ra irú ráàkì àti sípíríǹgì tó bá 504 wá láti iléeṣẹ́. Ìdí nìyí tó fi ń dùn mí dọ́kàn tí mo bá rí 504 tí wọ́n gé sípíríǹgì rẹ̀, tàbí tí wọ́n ki rọ́bà táyà bọ̀ ọ́ kó lè ga.

Ẹ̀yin tí ẹ sì fẹ́ pààrọ̀ sítíárìn, ẹ fara balẹ̀. Títí di ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972, apá òsì ọ̀nà là ń gbà ní Nàìjíríà, nítorí náà ọkọ̀ tó ṣáájú ìgbà yẹn lè ní sítíárìn lọ́wọ́ ọ̀tún; ráàkì tó bá ẹ̀gbẹ́ náà mu ni kí ẹ rà. Bákan náà, ráàkì tí wọ́n ṣe láti wà níwájú ìdí táyà kò ṣeé gbé sẹ́yìn rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lásán: awakọ̀ á yí sọ́tùn-ún, ọkọ̀ á yà sósì. Èwo ni ti ọ̀pá tó so ráàkì mọ́ táyà? Òun àti apá ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ máa jù pọ̀ bí táyà ṣe ń gòkè tó ń sọ̀. Bí gígùn wọn tàbí ibi tí wọ́n ti so kò bá bára mu, kòtò ni yóò máa yí táyà, kì í ṣe awakọ̀.

A lè yẹ̀ ẹ́ wò láìsí ẹ̀rọ olówó ńlá kankan. Ẹ yọ sípíríǹgì, ẹ de pákó gígùn kan mọ́ ibi tí táyà ń wà, ẹ mú sítíárìn dúró gbọn-in, kẹ́ ẹ fi jáàkì gbé e díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dókè. Ẹ máa wọn bí iwájú àti ẹ̀yìn pákó náà ṣe jìnnà sí ohun kan tó dúró gbọn-in lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bó ṣe ń gòkè. Bí pákó náà bá ń yí, ẹ má tíì gbé ọkọ̀ náà dé Ìtòìkín.